Ṣé O Mọ̀? Tábúlẹ́ẹ̀tì àbí Lápútọ́ọ̀pù: Èwo Ló Bá Iṣẹ́ Rẹ Mu ní Ọ̀tà?

Ṣé o mọ̀ pé iná ìjọba tí tábúlẹ́ẹ̀tì máa mu kó tó kún fọ́fọ́ kò tó náírà mẹ́wàá? Jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì tó wọ́pọ̀ ń gba nǹkan bíi 28 wáàtì-wákàtí. Fi èyí tó ń ṣòfò nínú ṣájà kún un, ká pè é ní 35. Nígbà tí owó iná Band A fò sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n ń gbà lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò tíì jẹ náírà mẹ́jọ nínú rẹ̀. Lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ń gba 50 máa jẹ nǹkan bíi náírà mẹ́rìnlá.

Owó iná kọ́ ni wàhálà, àìsí iná ni. Ẹni tó ń gbé Ìjókó tàbí Ìyánà-Ìyẹsí, tí àdúgbò rẹ̀ kò sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì ti ń hàn.

Ṣé o mọ̀ pé ṣájà tábúlẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà láàárín wáàtì 10 sí 20, nígbà tí ti lápútọ́ọ̀pù máa ń jẹ́ 45 tàbí 65? Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi lè ki ṣájà USB bọ ihò iwájú ọkọ̀ rẹ̀, kí tábúlẹ́ẹ̀tì sì máa kún bí ọkọ̀ bá ṣe há sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Tóò Géètì. Pawabáńkì 20,000 mAh tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríjì Ṣàngó, bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́ (ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀), wáàtì-wákàtí 74 ló wà nínú rẹ̀. Ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tábúlẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì. Lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní ihò ṣájà róbótó kò lè rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Èyí tó ń gba iná lẹ́nu USB-C nìkan ló lè gbà á, bí pawabáńkì náà bá ní agbára tó pọ̀ tó.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà àgbékiri tó kọ́kọ́ tà dáadáa lọ́jà, Osborne 1 ti ọdún 1981, wúwo tó kílò 11? Ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì márùn-ún lọ. Kò ní bátìrì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún tí iPad kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ìyẹn 2010, ni ọmọ Nàìjíríà kan, Saheed Adépọ̀jù, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tiwọn jáde, tí wọ́n sọ ní Inye? Android ló ń lò.

Ṣé o mọ̀ pé ààrẹ tó ní oko ńlá sí Ọ̀tà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí rí? Nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lórí àlééfà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Amẹ́ríkà, Nicholas Negroponte, ń polówó ètò tó pè ní One Laptop per Child: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà kékeré tí owó rẹ̀ kò ní ju 100 dọ́là lọ. Ìròyìn gba ayé kan pé Nàìjíríà máa ra mílíọ̀nù kan. Mílíọ̀nù náà kò dé. Nígbà tí ẹ̀rọ náà jáde ní 2007, owó rẹ̀ ti di nǹkan bíi 188 dọ́là, ìjọba sì ti yí padà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, l'Ábújá, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn án.

Ohun tó mú un wọ inú ọ̀rọ̀ wa ni pé ẹ̀rọ náà, tí wọ́n ń pè ní XO, kì í ṣe lápútọ́ọ̀pù nìkan. O lè yí ojú rẹ̀ po, kí o dà á dé orí kíbọ́ọ̀dù, ó di ohun ìkàwé. Wọ́n sì ṣe ojú náà kí ó ṣeé kà nínú oòrùn. Èyí tí a ń rà ní owó gọbọi lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣeé rí bí o bá jókòó sí ìta ní Ojú-Ọrẹ lọ́sàn-án gangan. O máa rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀ ju ohun tí o ń kà lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù XO dé kóòtù? Ní 2007, ilé-iṣẹ́ LANCOR tí Adé Oyègbọlá dá sílẹ̀ pẹjọ́ ní Nàìjíríà pé wọ́n jí ọgbọ́n inú kíbọ́ọ̀dù Konyin lò, èyí tí òun ṣe kí ọmọ Nàìjíríà lè rí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tẹ̀. Lónìí, bí o bá yan Yorùbá nínú Gboard lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, tí o fi ìka tẹ "e" mọ́lẹ̀ díẹ̀, "ẹ" á yọ. Windows náà ti ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú láti ọjọ́ pípẹ́; ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò yẹ ibẹ̀ wò rí. Fún lẹ́tà ìpàdé ẹbí tàbí ọ̀rọ̀ WhatsApp, tábúlẹ́ẹ̀tì tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìlú Ọ̀tà Awórì ní ojú ìwé 80, kó má dán an wò. Ìka méjì kò ní bá a dé ojú ìwé kẹwàá.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún kan náà ni Ọ̀ṣun àti Los Angeles fi tábúlẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé? Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, ìjọba Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ mẹ́tàdínlógún wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sì wà níbẹ̀, tí ọmọ kò fi ní ra dátà kó tó kàwé. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ (150,000) ni wọ́n pète. Ní Los Angeles, iPad ni wọ́n pín, nínú ètò tí wọ́n ní ó máa gba owó tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àwọn ọmọ ti tú ohun tí wọ́n fi dí ẹnu íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ wọn. Àwọn tíṣà sì ń ráhùn pé kò sí kíbọ́ọ̀dù tí ọmọ máa fi kọ àròkọ. Nígbà tó di 2014, wọ́n gba àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan láyè láti mú lápútọ́ọ̀pù dípò iPad, wọ́n sì fagi lé àdéhùn náà kí ọdún tó parí.

Lójú tèmi, ti Ọ̀ṣun mọ iṣẹ́ tó fẹ́ rán ẹ̀rọ rẹ̀ ju ti Los Angeles lọ. Kíkà ni wọ́n ní kí ọmọ fi ṣe. Bóyá wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa lẹ́yìn náà, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ní Èkó tí ààlà lásán pín wa níyà, àwọn tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti ń fi tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́ni láti 2020, lábẹ́ ètò EKOEXCEL? Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Tíṣà ń rìn láàárín àga àwọn ọmọ, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ òsì, ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi lápútọ́ọ̀pù ṣe ìyẹn.

Ọmọ rẹ fẹ́ ṣe JAMB ńkọ́? Ṣé o mọ̀ pé lẹ́tà mẹ́jọ péré ló nílò lórí kíbọ́ọ̀dù? JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, wọ́n sì pa ti ìwé tì ní 2015. Nígbà tí igbe pọ̀ pé àwọn ọmọ kan kò mọ máòsì lò, wọ́n ní kí wọ́n fi A, B, C àti D mú ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ti kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti padà. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì péré. Ọmọ tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mọ ìdáhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ á máa wá ojú kọ̀ǹpútà tí yóò fọwọ́ kàn, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní dá a lóhùn. Ra kíbọ́ọ̀dù USB olówó pọ́ọ́kú, fi okùn OTG so ó mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ ibi tí lẹ́tà wà kí ọjọ́ ìdánwò tó kò. Má ra lápútọ́ọ̀pù tuntun nítorí JAMB.

Àwọn tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tán, ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀. Yunifásítì Covenant ti wà ní ojú ọ̀nà Ìdíìrókò láti 2002, Bells dé ní 2005. Ṣé o mọ̀ pé Revit tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwòrán ilé ń lò, àti SolidWorks tí àwọn ti ẹ̀rọ ń lò, orí Windows nìkan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Tábúlẹ́ẹ̀tì Android kò lè gbé wọn. iPad olówó iyebíye kò lè gbé wọn. Òbí tó ra iPad fún ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, tó rò pé òun ti ṣe gudugudu méje, á tún padà ra lápútọ́ọ̀pù.

Wọ́n tún sọ pé ẹni tó fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ máa ń lóye rẹ̀ ju ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ. Mueller àti Oppenheimer ló gbé ìwádìí yẹn jáde ní 2014, ó sì gbajúmọ̀ gan-an, kódà wọ́n fi ń ta gègé tábúlẹ́ẹ̀tì. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní 2019, ìyàtọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́? Má torí rẹ̀ ra gègé.

Ó yá, ká wọ inú ilé-iṣẹ́. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú ọ́fíìsì. Honda ti ń to ọ̀kadà níbí tipẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Accord ní 2015. Irin, ọtí, ọ̀rá àti bisikíìtì ń jáde níbí tọ̀sán-tòru. Ṣé o mọ̀ pé sọ́fítíwíà TIA Portal tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún PLC ti Siemens, orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́? PLC ni àpótí kékeré tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó yí, kó dúró, kó gé, kó lẹ̀. Wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: aago méjì òru ni, ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá dúró lójijì. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣí páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹ̀fun ti bo fáànù inú rẹ̀ funfun. Ó fi okùn Ethernet so PLC mọ́ lápútọ́ọ̀pù rẹ̀, ó gbé e lé orí páálí òfìfo méjì tó tò léra, ó sì ń wo ìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí sí ewéko bó ṣe yẹ. Sẹ́ńsọ̀ kan ni ìyẹ̀fun bò lójú. Ó nù ún, ìlà yẹn yí àwọ̀, ẹ̀rọ ti tún ń lọ.

Ojú fífọwọ́kàn tó wà lára ẹ̀rọ náà jọ tábúlẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ó lè sọ fún ọ pé ẹ̀rọ ti dúró, o sì lè fi tàn án padà. Kò jẹ́ kí o rí inú iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ilé-iṣẹ́ ní Ṣàngó, tí owó rẹ̀ kò tó ra méjì, lápútọ́ọ̀pù Windows ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí ojú fóónù kì í fi dáhùn bí o bá wọ ìbọ̀wọ́? Ìṣesí iná díẹ̀ tó wà lára ìka rẹ ló ń wá. Ará Ìlú Ọba kan, E. A. Johnson, ló kọ nípa irú ojú bẹ́ẹ̀ ní 1965, ní ibùdó ìwádìí rédà ní Malvern. Ìbọ̀wọ́ awọ tàbí rọ́bà ń dínà mọ́ ọn, òógùn àti omi sì ń dà á rú. Nítorí náà ni ojú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ fi jẹ́ irú tó fẹ́ kí o tẹ òun mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Tábúlẹ́ẹ̀tì olówó kékeré kò sí lára wọn.

Níbi tí wọ́n ti ń wọn tírélà ńkọ́, kí irin tàbí àgbàdo tó jáde ní géètì? Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀rọ ìwọ̀n yẹn sábà máa ń fi okùn RS-232 sọ iye tó rí, okùn tí ọmọ ogún ọdún lè má tíì rí rí? Lápútọ́ọ̀pù kan àti okùn tó ń so ó mọ́ USB, iṣẹ́ parí. Fún tábúlẹ́ẹ̀tì, wàhálà ló kù.

Ṣùgbọ́n má tíì kọ tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé kì í sábà ní fáànù? Fáànù lápútọ́ọ̀pù ni ẹnu tó fi ń gbé eruku Ọ̀tà mì, pàápàá lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí o bá ń gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì, o ti fún un lọ́rùn. Bí wọ́n bá kọ IP65 tàbí IP67 sára tábúlẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 6 yẹn túmọ̀ sí pé eruku kò lè wọlé rárá. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e jẹ́ ti omi. Fún ẹni tó ń ka ọjà inú wíá-háòsì, tó ń ya fọ́tò àpò tó ya, tó ń gba ìfọwọ́sí awakọ̀, irú èyí ni kó wá.

Ṣé o mọ̀ pé INEC pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá? Ní 2011, lápútọ́ọ̀pù, kámẹ́rà, ẹ̀rọ ìtẹ̀ka àti pírítà ni wọ́n kó sínú báàgì kan láti fi forúkọ wa sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ka yẹn kì í fẹ́ mọ ìka ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìwọ náà lè rántí ìlà tó gùn. Nígbà tó di 2021, tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí wọ́n ń pè ní IVED ló gba iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí èèyàn ń dúró ṣe, tó jẹ́ bíbéèrè, yíya àwòrán àti títẹ ìka, tábúlẹ́ẹ̀tì ló ni ín.

Ẹ̀yin oníṣirò owó, ẹ súnmọ́ ibí. Ṣé o mọ̀ pé Word àti Excel jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àtúnṣe lórí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 10.1 lọ? Bó bá fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, Microsoft á ní kí o sanwó kí o tó lè tún nǹkan kọ. Ẹni tó fowó kún owó kó lè ra ínǹṣì 11 kì í mọ̀ títí tó fi délé. Makíró kì í sì í ṣiṣẹ́ nínú Excel tábúlẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó. Bí ọ̀gá rẹ bá ń fi makíró ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́, orí lápútọ́ọ̀pù ni wàá ti ṣí i.

Ṣọ́ọ̀ṣì kò gbẹ́yìn. Ìlú tí Faith Tabernacle tó ń gba 50,000 èèyàn wà láti 1999 kò ní ṣàìní ọ̀dọ́ tó ń ṣe mídíà nínú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Ṣé o mọ̀ pé EasyWorship tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri kì í ṣiṣẹ́ ju orí Windows lọ? Pásítọ̀ lè di tábúlẹ́ẹ̀tì Bíbélì rẹ̀ mú. Ẹni tó wà lẹ́yìn pírójẹ́kítọ̀ nílò lápútọ́ọ̀pù.

Ọrùn rẹ ńkọ́? Orí àgbàlagbà tó kílò márùn-ún tàbí kó dín díẹ̀. Kenneth Hansraj, oníṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣírò ní 2014 pé bí o bá tẹ orí ba ní ìwọ̀n dígírí 60, ẹrù tí ọrùn ń gbé á tó kílò 27. Fi nǹkan gbé ojú ẹ̀rọ sókè, ì báà jẹ́ èwo nínú méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ṣé o mọ̀ pé Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025? Windows 11 kò sì gba lápútọ́ọ̀pù Intel tó bá ṣáájú ìran kẹjọ, bí a bá tẹ̀ lé òfin wọn. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Computer Village Ìkẹjà, ṣọ́ra. Wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé "i5" tàbí "i7". Bó bá jẹ́ i5-4300U, ìran kẹrin ni. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Kò sí alájàpá tó lè fi ọ̀rọ̀ dídùn yí nọ́ńbà yẹn padà, bó tilẹ̀ bú ọ pé o kò mọ ọjà.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Bí owó rẹ bá mọ sí ẹ̀rọ kan, tó sì jẹ́ pé kíkọ, yíyàwòrán tàbí títún ẹ̀rọ ṣe ló ń mú owó wọlé fún ọ, ra tòkunbọ̀ lápútọ́ọ̀pù ìran kẹjọ sókè, tó ní RAM 8 GB àti SSD. Bó bá jẹ́ kíkà, fífi ọjà hàn, gbígba orúkọ tàbí yíya fọ́tò, ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ju ínǹṣì 10.1 lọ, tó ní ojú síìmù. Èyí tó wù kó jẹ́, kí o tó ka owó lé oníṣòwò lọ́wọ́, yọ ṣájà lára rẹ̀, fi fídíò sí i, kí o sì jókòó tì í fún ìdajì wákàtí. Bó bá kú kí àkókò náà tó pé, dìde, kí o lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.